Olóògbé Fẹlá Sówándé, Ọ̀gá Atẹdùùrù (1905–1987)

Bí òbí bá rí ọmọ rẹ̀ tí kò fi ìdí dùùrù sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀rù a máa bà á pé kí ọmọ náà má baà di aláìníṣẹ́. Nítorí irú òbí bẹ́ẹ̀, àti nítorí ọmọ náà pẹ̀lú, ni a ṣe mú ìtàn yìí wá. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó lè fi í yangàn.

Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1905 ni a bí Fẹlá Sówándé, ọmọ Ẹ̀gbá. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Emmanuel baba rẹ̀, ó sì jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú orin ìjọ. Ọmọ náà lọ sí C.M.S. Grammar School àti King's College ní Èkó. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Kátídírà Krístì ní Marina, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Thomas Ekúndayọ̀ Phillips ti kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀, tí ó sì fi orin Bach hàn án. Síbẹ̀, bí ó ti ń ṣe èyí, ó tún ń lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ eléré ijó ní Èkó.

Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń gbèrò láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Orin ni ó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ jáàsì ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ní ọdún 1936 òun ni ó dá tẹ píánò nínú orin Gershwin tí à ń pè ní Rhapsody in Blue. Òun àti Fats Waller, ará Amẹ́ríkà, jùmọ̀ tẹ píánò. Ó sì ń tẹ dùùrù oníná nígbà tí Adelaide Hall bá ń kọrin ní ilé ìgbafẹ́ Florida. Ó tẹ dùùrù ilé eré fún BBC pẹ̀lú, èyíinì dùùrù ńlá tí a ṣe láti fi dá àwọn òǹwòran lára yá.

Ṣùgbọ́n eré alẹ́ kò gba ìwé ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1941 ó gba oyè orin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1943 ó di Fellow ní Royal College of Organists. Láti 1945 sí 1952, òun ni atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì. Ọwọ́ kan náà tí ó ń mú ènìyàn jó ní alẹ́ ni ó ń darí orin ìyìn ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ohun tí ó wú wa lórí jùlọ ni pé kò gbàgbé orísun rẹ̀. Nínú African Suite tí ó kọ ní 1944, ó fi ohùn orin Ephraim Amu, ará Gold Coast, ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi orin háíláìfù parí rẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé ní 1953, ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ohùn Yorùbá ni ó fi kọ Ọ̀yígíyigì àti Ọbáńgíjì fún dùùrù ìjọ. Nígbà òmìnira ní 1960, Folk Symphony rẹ̀ jáde. Lẹ́hìn náà ó ṣe ìwádìí nípa Ifá ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní 1968 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, 1987, ó kú ní Ravenna, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àjò ni ó kú sí, kì í ṣe ilé. Èyí sì dùn wá. Ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò kú sí àjò: àwọn atẹdùùrù ṣì ń tẹ̀ ẹ́ nílé àti lókè òkun.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn dùùrù, ẹ má ṣe lé e kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ wá olùkọ́ fún un, kí ẹ sì rí i pé ó ń kàwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá pe orúkọ Kósọ́fẹ́ yóò gbọ́ bí ẹni ń wí pé kò sí ọ̀fẹ́: Sówándé kò rí oyè rẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àmín.