Ìtàn Ìgbésí Ayé Wòlíì S. B. J. Oshoffa, àti Ìsọjí Tí À Ń Bèèrè ní Ọdún Tuntun

Ọdún ń lọ sópin, ọdún tuntun sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ní irú àkókò báyìí, kò sí ìjọ tí kì í gbàdúrà ìsọjí. Ní Kútọnu níbí, bí ẹ bá gba ọjà Tọ́kpá kọjá ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ẹ óò rí àbẹ́là tí wọ́n tò jọ bí igi ìdáná, ẹ óò rí lọ́fínńdà àti èso àti aṣọ funfun tuntun. Gbogbo rẹ̀ dára, a kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa àgbà ìjọ máa ń bi ara wa léèrè ohun kan: kí ló dé tí àbẹ́là fi máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ 31 December, tí ìjókòó á sì ti ṣófo kí oṣù February tó parí?

Nítorí èyí ni a ṣe rò ó pé kàkà kí a tún kọ ìwàásù mìíràn fún yín, ẹ jẹ́ kí a kọ ìtàn ẹni tí Ọlọ́run lò láti dá ìjọ wa sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ tó jẹ́ ọ̀dọ́ ló mọ àwòrán rẹ̀ lára ògiri, ṣùgbọ́n wọn kò mọ irú ayé tó gbé kí àwòrán tó dé ara ògiri.

Ní ọdún 1909 ni wọ́n bí Samuel Bilewu Joseph Oshoffa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, nígbà tí ilẹ̀ wa yìí ṣì ń jẹ́ Dàhòmì lábẹ́ ìjọba Faransé. Joseph Ojo Oshoffa ni bàbá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ìyá rẹ̀, Alake Iyafo, ará Ìmẹ̀kọ ni, ní ilẹ̀ Nàìjíríà òde òní. Ẹ wo bó ti rí: Àjàṣẹ́ ni ilé bàbá, Ìmẹ̀kọ ni ilé ìyá, ààlà òyìnbó sì gba àárín kọjá. Ẹni tó bá ń sọ pé ti Benin ni ìjọ yìí tàbí ti Nàìjíríà ni, kí ó kọ́kọ́ lọ bi Ìyá Alákẹ́ léèrè.

Bàbá yìí bí ọmọ púpọ̀, wọ́n sì ń kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un, Elizabeth Ekundayo. Ó wá gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí Hánà inú Bíbélì ti gbàdúrà, ó ní bí Ọlọ́run bá fún òun ní ọmọkùnrin, òun yóò fi í jìn ín fún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé, ó sọ ọ́ ní Samuel. Wọ́n sì tún pè é ní Bilewu, irú orúkọ tí à ń fún ọmọ tí a fẹ́ kí ilé wù ú kó lè dúró. Ẹ̀yin ìyá tó ti ṣe irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lórí ọmọ, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Bàbá náà mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Nígbà tí ọmọ pé nǹkan bí ọdún méje, ó fà á lé katikíìsì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan lọ́wọ́ pé kí ó kọ́ ọ ní ìwé àti ìwà Ọlọ́run. Ibẹ̀ ló ti mọ Bíbélì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwé yẹn kò lọ jìnnà. Ó padà sílé, ó di ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ mú, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí bàbá kú ní 1939, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò igi. Igi ẹ́bónì ló ń wá, igi dúdú tó le bí irin, tí owó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló máa ń wọ̀ lórí omi lọ sínú igbó àwọn ará ẹ̀bá odò, a sì rà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ẹni ọdún 38 ni. Kì í ṣe pásítọ̀, kò sí nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Onígi ni, ó ń wá owó gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń wá a. Bàbá tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórí rẹ̀ ti wà ní sàréè, kò rí iṣẹ́ Ọlọ́run kankan lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó lọ. Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1946, bóyá wọn ì bá sọ fún yín pé ẹ̀jẹ́ yẹn ti já sófo.

Ní oṣù May 1947, ó wà nínú igbó ní ìhà Agangué, níbi tí ó wá igi lọ. Ọ̀sán dòru. Òṣùpá bo oòrùn lójú, ẹyẹ sì dákẹ́. Ìwé ìjọ wa sọ pé ọjọ́ 23 oṣù náà ni. Àwọn onímọ̀ sánmà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ 20 ni òkùnkùn náà ré kọjá lórí ilẹ̀ Adúláwọ̀. A kò ní torí ọjọ́ mẹ́ta bá ẹnikẹ́ni jà. Pé ọ̀sán dòru lóṣù náà, ayé gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí, ó kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà. Bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀, inú àdúrà yẹn ló ti gbọ́ ohùn kan tó pe ọ̀rọ̀ kan, Luli, tí a sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un pé oore-ọ̀fẹ́ Jésù Krístì ni. Nígbà tó la ojú, ó rí àwọn ẹ̀dá abàmì nítòsí rẹ̀: ẹranko funfun kan bí ọ̀bọ tó ní ìyẹ́, ejò kan, àti ẹyẹ aláràbarà kan bí ọ̀kín. Ó ní ẹ̀rù tó ti bá òun tẹ́lẹ̀ kúrò, ọkàn òun sì yípadà.

Inú rírun ti dá ẹni tó ń tu ọkọ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e, ara ọkùnrin náà sì yá. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣìnà nínú igbó. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni kò rí ọ̀nà jáde. Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà wà lẹ́nu rẹ̀, oyin inú igbó àti omi ni wọ́n ní ó ń jẹ tó ń mu. Igi tó bá lọ kò bọ̀ wálé, owó kò wọlé, àwọn ará ilé kò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè. Àwa a máa ronú lórí oṣù mẹ́ta yìí ju ọ̀sán tó dòru lọ. Ọ̀sán tó dòru, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta nínú igbó, òjò ń pa á, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, kò sí aríran tó lè sọ fún un pé ọ̀la ni yóò jáde. Ìsọjí tí à ń kígbe rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, oṣù mẹ́ta ni ti Bàbá gbà, nínú ìdákẹ́rọ́rọ́.

Nígbà tó jáde, àwọn ènìyàn rí i pé kì í ṣe onígi àná mọ́. Ìtàn ìjọ sọ fún wa pé ọmọ Elizabeth Ekundayo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ti ń sunkún lé lórí pé ó kú, tó sì gbàdúrà fún un, tó dìde. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ilé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kò gba èrò mọ́.

Alẹ́ 29 September 1947 ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jùlọ ṣẹlẹ̀. Ó wà lórí àdúrà nínú ilé rẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kan tàn bí iná ọkọ̀ mọ́tò, ẹ̀dá oníyẹ̀ẹ́ kan sì dúró nínú rẹ̀, ara rẹ̀ bí iná. Iṣẹ́ tó jẹ́ fún un ni pé Ọlọ́run fẹ́ rán an sí gbogbo ayé. Ìdí iṣẹ́ náà kì í ṣe owó, kì í ṣe ipò. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló wà tó jẹ́ pé bí ìṣòro bá dé bá wọn, ọ̀dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà àti oníṣègùn ni wọ́n ń sá lọ, tí wọ́n sì ń kú bẹ́ẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà ọ̀run kò sì gbà wọ́n. A ó fún un ní iṣẹ́ ìwòsàn kí àwọn ènìyàn lè gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń ka ọdún ìjọ.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe kèfèrí ni a torí rẹ̀ rán Bàbá. Àwa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni a torí wa rán an. Àwa tó ń kọ ìwé yìí pàápàá, a kò ní fi pamọ́ fún yín. Ní ọdún kan tó ti pẹ́, ọmọ wa kan ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹbí wa kan gbé ońdè wá lóru, ó ní kí a kàn fi sí abẹ́ ìrọ̀rí. A kò bá a jiyàn. Sùtánà wa ń bẹ lára ìṣó lókè ibùsùn, ońdè wà nísàlẹ̀, ọmọ wà láàárín. Ní ọjọ́ Sunday a wọ sùtánà yẹn, a bọ́ bàtà sílẹ̀, a lọ sílé Olúwa, a sì ka Bíbélì fún ìjọ. Ara ọmọ yá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ojú ti ń tì wá láti ọjọ́ náà títí di òní, nítorí pé títí di òní a kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ọkàn wa gbójú lé lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìtàn. Orúkọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, ojú ìran ni ó ti wá. Bákan náà ni aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, àti òfin pé a kò gbọdọ̀ mu ọtí, kí a má fa sìgá, kí a má jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí a má bọ òrìṣà. Àwọn ìjọ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò fi gbogbo ara gbà á. Kò ní owó ìwé ìròyìn, kò ní ọkọ̀. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn ló gbé iṣẹ́ náà. Wọ́n ń tukọ̀ láti ilẹ̀ wa lọ pẹja ní Makoko ní Èkó, wọ́n gbé ìgbàgbọ́ wọn pẹ̀lú àwọ̀n wọn, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí 1950 ni àdúrà ìjọ yìí ti ń dún lórí omi Makoko. Bàbá tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀ ní 1951. Ní 1958 ni ìjọba fi orúkọ ìjọ sínú ìwé ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Dàhòmì níbí, ó di 1965. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún 18 ni wọ́n fi ń sin Ọlọ́run ní ìlú tí a ti bí ìjọ kí ìjọba tó mọ̀ wọ́n.

Ìyókù, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Ìjọ tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó dé ilẹ̀ òyìnbó. Bàbá fi Èkó ṣe ibùgbé nígbà tó ṣe, Ketu sì di olú ìjọ níbẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe é ní 1985, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 10 September ọdún náà. Wọ́n gbé e lọ sí Ìmẹ̀kọ, ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni sàréè rẹ̀ wà. Nígbà Kérésìmesì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń lọ síbẹ̀, àwa tí a wà ní Benin sì ń pé jọ ní etíkun Sèmè.

A ó sọ èyí tó korò pẹ̀lú. Bàbá kò fi ẹnì kan sípò ní gbangba tí gbogbo ojú fi rí i. Alexander Abiodun Bada ló jókòó lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi kú ní 2000, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ bàbá kan náà ti gbé ara wọn lọ sí kóòtù kí ó tó lọ, ìyapa sì tún pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, láàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó, àti láàárín Èkó fúnra rẹ̀. A ti rí ọkọ àti aya tí wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ tí wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ lọ́sàn-án. Bí a bá ń gbàdúrà ìsọjí ní ọdún tuntun, a kò mọ bí a ó ti ṣe yọ èyí kúrò nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀bẹ̀ ìjọ ti ọdún yìí, a ti fi í ṣáájú ẹ̀bẹ̀ owó, ṣáájú ẹ̀bẹ̀ ìrìnàjò. Àwọn kan kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ìsìn àìsùn yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ 31 December. Kì í ṣe dandan kí ẹ ra àbẹ́là púpọ̀. Ẹyọ kan tó fún ẹnì kan. Wákàtí kan gbáko ni a ó fi dákẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìran, kò sí ìsọtẹ́lẹ̀, nítorí àwọn oṣù mẹ́ta inú igbó yẹn. Kí olúkúlùkù sì yẹ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ wò kí ó tó jáde nílé.