Aneurin Bevan: Ọmọ Awakùsà Tí Kò Gbàgbé Ilé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìtàn ẹni tí a mú wá fún yín lóṣù yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn wa, kì í sì í ṣe ti ọmọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbèrò láti di ipò mú lọ́la.

Ìlú Tredegar, ní Wales nílẹ̀ Bíríténì, ni wọ́n ti bí Aneurin Bevan ní ọdún 1897. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí Bevan pé ọmọ ọdún 13, òun náà fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó wọ inú kòtò èédú. Akólòlò ni, ṣùgbọ́n ó tẹra mọ́ ìwé kíkà ní ilé ìkàwé àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní gbangba títí ọ̀rọ̀ fi dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1890 ni àwọn òṣìṣẹ́ Tredegar ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń dá owó sí láti inú owó iṣẹ́ wọn. Ó jọ àjọ tí a máa ń dá nílé, àmọ́ ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o. Òun ni wọ́n fi ń gba dókítà àti nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì fi ń ra oògùn. Ní ọdún 1922, wọ́n dìbò yan Bevan sí ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì tún bá wọn ṣe nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn.

Ní ọdún 1925, bàbá rẹ̀ kú. Eruku èédú ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Owó gbà-mábìínú kò tẹ ẹbí náà lọ́wọ́, nítorí òfin ìgbà náà kò ka àìsàn yẹn mọ́ èyí tí iṣẹ́ ń fà.

Bevan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1929. Ní ọdún 1945, olórí ìjọba, Clement Attlee, fi í ṣe mínísítà ìlera. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé àti ọmọdé ni kò sí lábẹ́ ètò ìtọ́jú tí àwọn òṣìṣẹ́ ní. Bevan pinnu pé ohun tí Tredegar ń jẹ ni gbogbo orílẹ̀-èdè yóò jẹ, láti inú owó orí.

Òfin náà jáde ní ọdún 1946. Ilé ìwòsàn tó ju 2,600 lọ bọ́ sábẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà takú. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn dìbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948, àwọn tó kọ ètò náà pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó gbà á lọ. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ìjọba má sọ wọ́n di olówó oṣù. Bevan fi òfin dá wọn lójú pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì gbà kí àwọn dókítà àgbà ilé ìwòsàn máa tọ́jú ẹni tó bá fẹ́ sanwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí kókó ọ̀rọ̀ náà: kí a má bi aláìsàn léèrè owó kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wá gba gíláàsì ojú àti eyín àtọwọ́dá pọ̀ kọjá ohun tí ìjọba rò.

A kò sọ pé ẹni pípé ni. Ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà gan-an, ó sọ èébú sí ẹgbẹ́ alátakò, ọ̀rọ̀ náà sì pa ẹgbẹ́ tirẹ̀ lára.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1951, nígbà tó ti di mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìjọba tirẹ̀ fẹ́ kí aráàlú máa san lára owó eyín àti gíláàsì, nígbà tí owó ohun ìjà ń ga sí i. Bevan kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹ wò ó, mélòó nínú àwọn olóṣèlú wa ló lè fi ipò sílẹ̀ nítorí eyín arúgbó?

Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1960, ní ọmọ ọdún 62. Ètò náà kò kú. Ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń ní kí a lọ wá owó wá kí wọ́n tó gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá di kánsẹ́lọ̀ lọ́la nínú yín, kí ó rántí pé àmáànà ni ipò, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a gòkè tán kí a gbàgbé ilé. Àmín.