Abdur-Rahman Ọmọ Awf: Oníṣòwò Tí Kò Tijú Ìbẹ̀rẹ̀ Kékeré

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí àti gbogbo ìjọ mọ́sáláṣí wa, ìtàn sàhábé kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló fẹ́ ṣòwò, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti fi ohun kékeré bẹ̀rẹ̀.

A bí Abdur-Rahman ọmọ Awf ní Mẹ́kà ní nǹkan bí ọdún 581, nínú ìdílé Zuhra ti ẹ̀yà Kùràéṣì. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù. Abu Bakr ni ó pè é wá. Oníṣòwò ni, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe hijira lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622, ọwọ́ òfo ni ó fi wọ̀lú. Ẹni tí ó ti pé nǹkan bí 40 ọdún di àlejò tí kò nílé, tí kò ní ìsọ̀ lọ́jà.

Ànábì so àwọn tí wọ́n ṣí wá pọ̀ mọ́ àwọn onílùú bí ọmọ ìyá. Sa'd ọmọ Rabi', ọlọ́rọ̀ kan ní Mọ̀dínà, ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́. Sa'd ní òun yóò pín dúkìá òun sí méjì, kí ó mú ìdajì. Ta ni nínú wa tí yóò kọ irú ọrẹ bẹ́ẹ̀? Abdur-Rahman kò gbà á, kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ó tọrọ alubarika fún Sa'd lórí ará ilé àti dúkìá rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀nà ọjà han òun.

Ọjà Banu Qaynuqa ni wọ́n júwe fún un. Ó rà, ó tà. Nígbà tí ó ń darí bọ̀, wàrà gbígbẹ díẹ̀ àti òróró wàrà ni èrè tí ó rí mú bọ̀ wálé. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò dáadáa. Ẹni tí ó ti jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Mẹ́kà ni ó ń gbé wàrà gbígbẹ bọ̀ láti ọjà! Kò jókòó de owó ńlá. Ilẹ̀ mọ́, ó tún gba ọjà lọ.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Ànábì rí àbàwọ́n lọ́fínńdà aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òun ti gbé ọmọ onílùú kan níyàwó, wúrà tí ó wọ̀n tó kóró dàbínù kan ni òun sì fi fẹ́ ẹ. Ànábì ní kí ó se àsè, ìbáà ṣe àgùntàn kan péré.

Láti ibẹ̀ ni òwò rẹ̀ ti gbèrú títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Mọ̀dínà. Síbẹ̀, òwò kò dí ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jagun Badr, ó sì fara gbọgbẹ́ púpọ̀ ní Uhud ní ọdún 625, níbi tí Sa'd kú sí. Lọ́jọ́ kan tí ó fẹ́ ṣínu ààwẹ̀, ó rántí Mus'ab ọmọ Umayr, tí aṣọ ìsìnkú rẹ̀ kò tó bo orí àti ẹsẹ̀ pọ̀. Ó sunkún, kò lè jẹun mọ́. Nígbà tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 652, ó ti sọ ọ́ ní àsọtẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fún olúkúlùkù ẹni tí ó kù láyé nínú àwọn ajagun Badr ní 400 dínárì wúrà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí kò bá lè ṣe bí aláàárù l'Óyìngbò kò lè ṣe bí Adégbọrọ̀ l'Ọ́jà Ọba. Ọwọ́ tí ó gbé wàrà gbígbẹ náà ni ó wá ń pín wúrà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé igbá ẹ̀pà lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì í. Ẹ ṣàdúrà fún un, kí ẹ sì fi ọ̀nà ọjà hàn án.

Kí Ọlọ́hun fi alubarika sí ìbẹ̀rẹ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ìgbẹ̀yìn wa dára. Àmín.