Ronald Fisher

Sir Ronald Aylmer Fisher (17 oṣù Kejì ọdún 1890 – 29 oṣù Keje ọdún 1962) jẹ́ onímọ̀ statístíkì àti onímọ̀ jẹ̀nẹ́tíìkì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó gbé ìtúpalẹ̀ fáríánsì kalẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tí àwọn olùwádìí fi ń mọ ibi tí ìyàtọ̀ inú èsì ìwádìí wọn ti wá. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìpínyà tí ó wà láàárín okùnfà ojúkan àti okùnfà oníkèké ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ni ó la ìpínyà náà yé ènìyàn lẹ́yìn náà. Fisher tún jẹ́ alátìlẹ́yìn yùjẹ́níìkì, èrò pé ó yẹ kí á máa darí irú ẹni tí yóò bímọ láwùjọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Fisher ní East Finchley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò gbàǹjo ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ọnà ni ó sì ń tà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òwò bàbá rẹ̀ fi dẹnu kọlẹ̀. Láti kékeré ni ojú Fisher kò ti ríran dáadáa. Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Harrow, wọ́n máa ń kọ́ ọ ní ìṣirò ní alẹ́ láìlo ìwé tàbí kálàmù, kí iná má baà pa ojú rẹ̀ lára. Èyí mú kí ó máa fi ojú inú wo ìṣirò, ṣùgbọ́n ó tún mú kí ó máa fo àwọn ìgbésẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn nílò kí wọ́n tó lè lóye iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1909, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ sí Gonville and Caius College ní Yunifásítì Cambridge, ó sì gboyè nínú ìṣirò ní ọdún 1912. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ológun kò gbà á nítorí ojú rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ó fẹ́ Ruth Eileen Guinness ní ọdún 1917.

Iṣẹ́ lórí àjogúnbá

Ní ọdún 1918, Royal Society of Edinburgh tẹ àpilẹ̀kọ Fisher lórí ìjọra àwọn ìbátan jáde. Ní àkókò náà, àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn tí ó gba òfin Mendel gbọ́ àti àwọn tí ó ń wọn gíga àti àwọn àbùdá bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn. Fisher fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì kò tako ara wọn, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jíìnì ni ó ń dá kún àbùdá kan ní díẹ̀díẹ̀. Inú àpilẹ̀kọ yìí ni ó ti fún fáríánsì ní orúkọ. Ìwọ̀n bí àwọn iye ṣe fọ́n ká sí yípo iye àárín wọn ni fáríánsì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí àwọn okùnfà kò bá gbára lé ara wọn, a lè pín in sí apá ti oníkálukú, kí àròpọ̀ àwọn apá náà sì jẹ́ odindi.

Rothamsted

Ní ọdún 1919, Fisher gba iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Rothamsted ní Harpenden, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1843. Àkọsílẹ̀ ìkórè àlìkámà ọ̀pọ̀ ọdún wà níbẹ̀. Ìṣòro tí ó bá ni pé ilẹ̀ kan kì í lọ́ràá bákan náà káàkiri. Bí abala kan bá so ju òmíràn lọ, ó lè jẹ́ ajílẹ̀ ni ó fà á, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tàbí òjò. Fisher dá a lábàá pé kí á máa ṣẹ́ kèké láti mọ abala tí ajílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, kí olùwádìí má baà fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yàn án.

Ní ọdún 1923, òun àti Winifred Mackenzie tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí oríṣi ọ̀dùnkún 12 ṣe ń gba ajílẹ̀. Ìwọ̀n àṣìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n lò fún gbogbo ìbéèrè inú ìwádìí náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín abala kan àti òmíràn ni wọ́n ti fi oríṣi ọ̀dùnkún wéra, nígbà tí ó jẹ́ pé àárín àwọn ìlà inú abala kan náà ni wọ́n ti fi àwọn ajílẹ̀ kan wéra. Nínú ìwé rẹ̀ Statistical Methods for Research Workers (1925), Fisher tún èsì ọ̀dùnkún yẹ̀ wò, ó sì lo ìwọ̀n àṣìṣe méjì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àṣìṣe tirẹ̀ tí ó yẹ kí á fi wọ̀n ọ́n.

Okùnfà ojúkan àti okùnfà oníkèké

Bí olùwádìí bá fi ajílẹ̀ mẹ́ta wéra, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni ó fẹ́ mọ̀ nípa wọn. Bí ó bá tún ìwádìí náà ṣe lọ́la, àwọn kan náà ni yóò lò. Okùnfà ojúkan nìyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dán àwọn ajílẹ̀ náà wò ní oko mẹ́jọ tí ó ṣà láàárín ọ̀pọ̀ oko agbègbè kan, aṣojú lásán ni oko mẹ́jọ náà jẹ́ fún àwọn oko tí kò dé. Okùnfà oníkèké nìyí. Nípa ti àkọ́kọ́, ohun tí à ń béèrè ni iye tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Nípa ti èkejì, ohun tí à ń béèrè ni bí ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe pọ̀ tó. Ìwádìí tí ó bá ní méjèèjì ni à ń pè ní àwòṣe àdàlù.

Nínú àwòṣe àdàlù bẹ́ẹ̀, bí agbára ajílẹ̀ ṣe ń yí padà láti oko dé oko ni ó yẹ kí á fi wọn ajílẹ̀, kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré inú oko kan. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè kéde fún gbogbo agbègbè ohun tí ó jẹ́ òótọ́ ní oko mẹ́jọ péré. Kì í ṣe ìṣẹ̀dá ohun kan ni ó ń sọ ọ́ di ojúkan tàbí oníkèké, bí kò ṣe ìbéèrè tí à ń béèrè nípa rẹ̀. Èyí sì yàtọ̀ sí kèké tí a ń ṣẹ́ láti pín ajílẹ̀ sí abala, nítorí pé ajílẹ̀ tí a fi kèké pín ṣì lè jẹ́ okùnfà ojúkan.

Fisher lo irú ìṣirò méjèèjì, ṣùgbọ́n kò yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́nà tí ó hàn gbangba. Churchill Eisenhart, onímọ̀ statístíkì ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣàlàyé ìpínyà náà ní kedere ní ọdún 1947 nínú ìwé ìròyìn Biometrics.

Ipò àti ọlá

Royal Society gba Fisher wọlé ní ọdún 1929. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College London ní ọdún 1933, àti ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ̀nẹ́tíìkì ní Cambridge ní ọdún 1943. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní ọdún 1952. Lára àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn ni The Genetical Theory of Natural Selection (1930) àti The Design of Experiments (1935).

Àríyànjiyàn

Láti ìgbà tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni Fisher ti wà lára àwọn tí ó ń polongo yùjẹ́níìkì, ó sì fi àwọn orí tí ó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1930 sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ní àwọn ọdún 1950, ó ta ko àwọn tí ó sọ pé sìgá mímu ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nígbà tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn tí ń ṣe sìgá. Ó ní ó ṣeé ṣe kí jíìnì kan náà máa fa méjèèjì. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e já a nírọ́. Ní ọdún 2020, Gonville and Caius College yọ fèrèsé tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀ kúrò nítorí èrò rẹ̀ lórí yùjẹ́níìkì.

Ikú àti ogún

Ní ọdún 1959, Fisher kó lọ sí Adelaide ní Ọsirélíà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni George Snedecor fi sọ iye F, èyí tí a fi ń dájọ́ nínú ìtúpalẹ̀ fáríánsì.

Charles Henderson lo àwòṣe àdàlù láti ṣírò agbára àbínibí àwọn akọ màlúù. Ní ọdún 1973, Herbert Clark fi hàn pé àṣìṣe kan náà wà nínú ìwádìí èdè: àwọn olùwádìí ń lo ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí okùnfà ojúkan, síbẹ̀ wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo èdè ni wọ́n yẹ̀ wò. Lónìí, nínú ìwádìí èdè, ó ti di àṣà láti ka àwọn olùsọ̀rọ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi dán wọn wò sí okùnfà oníkèké.