Thomas Birch Freeman àti Owó Iṣẹ́ Ìhìnrere

Ẹni tí ó bá dé Dansoman, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Accra, tí ó sì kọjá níwájú Yunifásítì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà níbẹ̀, tàbí níwájú Wesley Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọlé tí ń jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé hù bí olú. Bí a bá wá gbòǹgbò wọn lọ, a óò bá ọkùnrin kan tí ó kú ní Accra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, 1890, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìhìnrere, tí ọ̀ràn owó sì lé kúrò nínú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀ràn rẹ̀ kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òun ni míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, 1809, ni a bí Thomas Birch Freeman ní Twyford, ní ẹkùn Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adúláwọ̀ ni baba rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni ó kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dé ibi pé ó di olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà lọ́dọ̀ ọlọ́lá kan, Sir Robert Harland, nítòsí Ipswich. Ó mọ ewéko ní orúkọ Látìnì bí adáhunṣe ṣe mọ ewé nínú igbó. Iṣẹ́ tí ó tura ni, owó rẹ̀ sì ń wọlé déédéé. Ibẹ̀ ni ó ti dìde nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń wá ẹni tí yóò lọ sí Gold Coast.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣe níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ẹni tí ó ránṣẹ́ pe míṣọ́nnárì ná. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ rò ó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Cape Coast tí wọ́n kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ inú odi ìjọba, tí William de Graft wà lára wọn, ni wọ́n ń péjọ ka Bíbélì fúnra wọn láti 1831, tí wọ́n sì bẹ ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Potter pé kí ó bá wọn wá Bíbélì sí i. Ẹ̀bẹ̀ yìí ni ó mú Joseph Dunwell dé ní oṣù Kìíní 1835. Kò lo oṣù mẹ́fà tán tí ó fi kú. Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, Harrop àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Kí ọdún 1837 tó parí, gbogbo wọn ti wọ ilẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní 1838, Freeman àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀. Oṣù méjì kò pé tí Elizabeth náà fi kú.

Freeman kò padà sílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n ṣí ilé ìsìn Cape Coast tí Wrigley bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ìjọ fi ọwọ́ ara wọn bá a kọ́. Ọdún náà kan náà ni wọ́n ṣe ìpàdé ìdáwó fún iṣẹ́ ìhìnrere ní Cape Coast. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé ọwọ́ òyìnbó nìkan ni owó iṣẹ́ yìí ti wá. Irọ́ ni. Kí míṣọ́nnárì kan tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Fante ti ń dáwó kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ.

Ní 1839 Freeman lọ sí Kumasi. Wọ́n dá a dúró lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọba Asante, Kwaku Dua, tó gbà á láàyè láti wọlé. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn-àjò náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ta àwọn ènìyàn jí. Nígbà tí òun àti de Graft dé ibẹ̀ ní 1840, àwọn ènìyàn rọ́ wá gbọ́ wọn láti ìlú dé ìlú. A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ìjọba kọ́ ni ó san owó yìí. Ọmọ ọ̀dọ̀, ahunṣọ àti oníṣọ́ọ̀bù kékeré wà lára àwọn tí ń mú kọ́bọ̀ wá sí ìpàdé, tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò ní tẹ̀ láé. Àwa tí a ti kàwé ní ìlú ọba mọ ohun tí kọ́bọ̀ jẹ́ fún tálákà níbẹ̀ nígbà òtútù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n fi kọ́bọ̀ kójọ, àwọn míṣọ́nnárì tuntun sì bá Freeman padà ní 1841.

Ní àkókò yìí ni ohùn àwọn Yorùbá dé. Àwọn ọmọ wa tí a ti tà lẹ́rú, tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun tí a sì kó lọ sí Sàró, ti ń padà bọ̀ wá sílé. James Ferguson, ọ̀kan lára wọn, kọ̀wé láti Àgbádárìgì ní 1841 sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì Sàró pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́. Freeman àti de Graft ni wọ́n dáhùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842 wọ́n dé Àgbádárìgì. Igi Àgíà tí a ń sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù kò wó títí di 1959. Ní oṣù Kejìlá Freeman gun ẹṣin wọ Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì fi ayọ̀ gbà á. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ó bá Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. níbẹ̀. De Graft àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ Gold Coast, ni wọ́n dúró ti iṣẹ́ náà ní Àgbádárìgì nígbà tí Freeman lọ kí Gezo ọba Dàhọ̀mì.

Gbogbo ìrìn yìí ń jẹ owó. A kì í fi ọwọ́ òfo wọ ààfin, ọmọ Yorùbá kan kò sì ní béèrè ìdí rẹ̀. Freeman mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan odindi ni ó fa la igbó kọjá lọ sí Kumasi ní 1841 láti fi ta ọba Asante lọ́rẹ. Ó ń ṣí ilé ẹ̀kọ́, ó ń gba olùkọ́, ó ń dá oko ní Beulah nítòsí Cape Coast kí àwọn ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí ìlú kan bá ní kí ó wá, kò lè sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ ń wo ìwé ìṣirò, gbèsè sì ń ga sí i lọ́dọọdún.

A kò ní bú ìgbìmọ̀ náà. Kọ́bọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó wà ní ìkáwọ́ wọn, ẹni tí ó bá sì ń ná owó ọlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀. Freeman kò mọ ìṣirò bí ó ṣe mọ ọgbà. Síbẹ̀, lójú tiwa, àwọn tí ń ka owó kò rí ààfin rí, wọn kò sì mọ ohun tí ìlẹ̀kùn kan ń ná ni kí ó tó ṣí. Ní 1857 Freeman fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Kò sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1854 ó ti fẹ́ obìnrin Fante kan, wọ́n sì bímọ. Ìjọba fi í ṣe alákòóso ẹkùn Accra títí di 1860. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn náà bọ́, ó padà sí oko àti ọgbà rẹ̀ nítòsí Accra. Ẹni tí ó ti jókòó níwájú Kwaku Dua, Ṣódẹkẹ́ àti Gezo ń gbin ewébẹ̀.

Ní 1873 wọ́n gbà á padà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ kan náà bá a ṣiṣẹ́ oníwàásù ní agbègbè Anomabu, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni wọ́n sì ṣe ìrìbọmi. Ní 1885 tí ìjọ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún tí Dunwell dé, Freeman wà láyé láti rí i. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Accra ni ó kú sí, ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ ìwàásù lọ lẹ́yìn rẹ̀.