John Hawley Glover

Sir John Hawley Glover (24 Oṣù Kejì ọdún 1829 – 30 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1885) jẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, arìnrìn-àjò, àti alákòóso Èkó ní ayé ìjọba amúnisìn. Ọba Gólóbà ni àwọn ará Èkó ń pè é. Ìjọba tí ó ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó di aláṣẹ, ó ti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti ya àwòrán omi Èkó sórí ìwé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ìrìn àti àwòrán yìí, yóò ṣòro fún un láti lóye ohun tí Glover ṣe nígbà tí àṣẹ dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, Frederick Augustus Glover. Ní 1841, kí ó tó pé ọmọ ọdún 13, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ó jagun ní Bọ́mà, níbi tí ó ti fara gbọgbẹ́ gidigidi ní 1853.

Ìrìn-àjò Odò Ọya

Ní 1857, Glover bá Dókítà William Balfour Baikie gòkè Odò Ọya nínú ọkọ̀ Dayspring. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí wọ́n jọ rin ìrìn-àjò náà. Ní 7 Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọkọ̀ náà forí sọ àpáta ní Jẹ́bà, ó sì fọ́. Etí odò ni àwọn arìnrìn-àjò náà pàgọ́ sí títí di ọdún kejì kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wọn. Ní gbogbo àkókò yìí Glover kò jókòó sójú kan. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ wá sí Èkó láti wá ohun tí wọn yóò jẹ àti ohun tí wọn yóò lò, ó sì tún padà lọ bá wọn. Ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. A. C. G. Hastings ló tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde ní 1926, pẹ̀lú orúkọ The Voyage of the Dayspring, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú láti 41 ọdún.

Lójú ọ̀nà yìí ni àwọn Hausa tí wọ́n jẹ́ ẹrú ní àwọn ìlú Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀ lé e. Lójú àwọn ẹrú, òmìnira ni. Lójú àwọn olówó wọn, olè ni òyìnbó náà, ìbínú àwọn Ẹ̀gbá sí i kò sì tán mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn Hausa bẹ́ẹ̀ ni ó wá fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ ní Èkó. Láti ara ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ológun Nàìjíríà.

Àwòrán omi Èkó

Yanrìn tí ó gbá jọ sí ẹnu-odò Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé nígbà náà. Òde lórí òkun ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò máa gbé ẹrù wọ inú ọ̀sà, ìgbì a sì máa dojú wọn dé. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí omi ti jìn mú ohun ńlá lọ́wọ́.

Ní 1859 ni Glover wọn omi náà, tí ó sì yà á. Iṣẹ́ sùúrù ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó ju okùn tí a so òjé mọ́ sínú omi, a ó ka jíjìn rẹ̀, a ó kọ iye náà sórí ìwé, a ó fi atọ́nà wo igi tàbí ilé tí ó hàn ní èbúté, a ó sì tún tẹ ọkọ̀ síwájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjìn omi nìkan ni àwòrán bẹ́ẹ̀ ń fi hàn, kì í sọ ẹni tí ó ni ín. Àwọn apẹja àti atukọ̀ ọ̀sà ti mọ ojú ọ̀nà wọ̀nyí tipẹ́ láìsí ìwé. Ohun tí àwòrán náà mú wá ni pé àjèjì lè mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 6 Oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Omi tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń pè ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí. Kò sí Festac Town ní ayé Glover. Ayẹyẹ àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbèṣè àti Ìrẹ̀dé ṣì ń la omi kan náà kọjá. Nígbà tí Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó ní 1863, omi yìí di ọ̀nà ìjọba sí ìwọ̀-oòrùn.

Ìjọba rẹ̀ ní Èkó

Láti 1863 títí di 1872 ni Glover fi di onírúurú ipò ìṣàkóso mú ní Èkó. Ní 29 Oṣù Kẹta ọdún 1865, ó kó ọmọ ogun sọdá ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú, ó sì tú ogun Ẹ̀gbá tí ó dó ti ìlú náà ká. Síbẹ̀, nígbà tí ìdàrúdàpọ̀ Ìfọ́lé lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, òun náà ló fún àwọn Ẹ̀gbá wọ̀nyí ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, tí ó sì là á sí òpópónà títọ́. Ó tún ń wá ọ̀nà ìlà-oòrùn tí yóò gba Oǹdó, kí òwò lè dé òkè láìgba ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Àwọn ìjà lórí ọ̀nà wọ̀nyí ń pa òwò lára. Nítorí rẹ̀ ni Gómìnà John Pope Hennessy fi mú un kúrò ní Èkó ní 1872.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ó kó àwọn Hausa àti Yorùbá lọ sí ogun Aṣánti ní 1873 sí 1874, ó sì gba oyè Sir. Lẹ́yìn náà ó ṣe gómìnà Newfoundland lẹ́ẹ̀mejì, àti àwọn erékùṣù Leeward láàárín méjèèjì. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó kú sí.

Ìlú Glovertown ní Newfoundland ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Èkó, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Glover ní ìrántí rẹ̀ ní 1887. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà, ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1903.