Ẹni Mímọ́ Johanu Bosko, Alágbàwí Àwọn Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́

Ìwọ tí ò ń múra sílẹ̀ de ìrìbọmi, bí o bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Atakpamé, ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kò ní ṣàjèjì sí ọ. Ọdún 1815 ni wọ́n bí Johanu Bosko ní Becchi, ní àríwá Ítálì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú oko olóko. Nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, ó ń ránṣọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé kọfí kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Ó di àlùfáà ní 1841.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ń múra fún Mísà ní ìlú Turin nígbà tí Bartolomeo Garelli wọlé. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò sì mọ̀wé. Olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ó wá ṣèrànwọ́ níbi Mísà. Nígbà tí ó ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe, ọkùnrin náà fi igi lù ú, ó sì lé e jáde. Johanu Bosko ní kí wọ́n pè é padà. Lẹ́yìn Mísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti orí àmì àgbélébùú. Ìwọ náà mọ bí ó ti ń rí lára kí ènìyàn dàgbà tán kí ó tó kọ́ èyí.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Turin. Àwọn ọ̀gá kan ń lù wọ́n, wọ́n ń fi iṣẹ́ ilé gba àkókò iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ní ẹbí lè rí ẹni bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ta ni yóò gbẹnu sọ fún ọmọ òrukàn àti àjèjì? Lójú Johanu Bosko, àánú nìkan kò tó: ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1852, Giuseppe Bertolino, ọ̀gá káfíńtà, fọwọ́ sí ìwé tí ó ní èdìdì ìjọba nítorí ọmọ kan tí ń jẹ́ Giuseppe Odasso. Ọ̀gá náà yóò kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún méjì. Ẹnu ni yóò fi bá a wí, kì í ṣe ọwọ́. Kò ní fún un ní iṣẹ́ mìíràn tàbí èyí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ àjọ̀dún jẹ́ ti ọmọ náà. Ọmọ náà yóò gbọ́ràn, yóò sì dí ohun tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́. Kíyè sí èyí pẹ̀lú: lọ́dọ̀ wa, ẹbí ni ó sábà máa ń san owó fún ọ̀gá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ọjọ́ ìdásílẹ̀, níbẹ̀, ọ̀gá ni yóò máa san owó fún ọmọ, owó náà yóò sì máa pọ̀ sí i.

Láti 1853, ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ti bàtà àti ti aṣọ rírán. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 1888. Póòpù Pius Kọkànlá kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1934. Àwọn Salesian, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1859, wà ní Tógò, ní Lomé àti Kara.